Bàbá Tó Mọ Orúkọ Ìwé Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ wà ní Kùtọnù, ẹ ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Bàbá Àgbà torí pé èmi ni mo sún mọ́ wọn jù. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ìkẹfà náà kò sì wọlé dáadáa. Ẹ má retí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Bàbá Àgbà ní ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo Másẹ̀, abúlé wa yìí, ni wọ́n bí àwọn. Mo ti bi àwọn àgbà ibí léèrè: ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo Másẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú lẹ ti wọkọ̀ padà. Mi ò bá yín wí, iṣẹ́ ń dúró. Àwọn tó yá wa ní àga wá kó àga wọn. Aládùúgbò wá gba ìkòkò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èmi nìkan ló kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti rédíò dúdú kan tó ní iná wẹ́wẹ́ lára, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan rí láyé rẹ̀. Ẹ rí i lórí fèrèsé, ẹ bi mí pé kí ni. Mo ní rédíò tó bàjẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa. Kò bàjẹ́. Ìwà Bàbá Àgbà wà nínú ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, ìwà tèmi náà wà níbẹ̀, tèmi ló sì kéré jù nínú méjèèjì.

Ẹni tó bá ń kọjá níwájú ilé Bàbá Àgbà kò lè kọjá lásán. Wọ́n á kí i, wọ́n á kì í ní oríkì, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ tó wà lóko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè èyí tó ń ya àlejò lẹ́nu: "Kí ni ìwé ń pè ọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Kùtọnù lè má mọ̀. Níbí, orúkọ méjì lèèyàn ń jẹ́, èyí tí ilé ń pè é àti èyí tó wà nínú káàdì. Tíṣà ló sọ ẹlòmíì lórúkọ tiẹ̀. Akọ̀wé ló ṣì í kọ fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì sì fi ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú wọ ilé-ìwé ni. Ọkùnrin lè bá ìyàwó rẹ̀ gbé títí wọn yóò fi ní ọmọ-ọmọ, kó má mọ ohun tí ìwé ń pè é. Bàbá Àgbà kò mọ̀ ọ́n kọ, wọn ò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n wọ́n há gbogbo rẹ̀ sórí, láti Másẹ̀ títí dé etí abúlé Kpulu. Bí wọ́n bá fura sí ẹnì kan, wọ́n á ní kó mú káàdì jáde, èmi ni mo máa kà á. Àwọn ọ̀dọ́ sọ wọ́n ní Kòmísánà, bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò dúró lọ́jọ́ kan, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ mú mi ni?"

Bàbá Àgbà wo ọ̀kadà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní: "Rárá o. Mo fẹ́ mọ ilé tí wọ́n máa gbé ọ wá ni."

Ọmọ náà mú káàdì jáde.

Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ń sọ ọ́ yìí. Bàbá mi, tó jẹ́ ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, Àkànjí nilé ń pè é. Ní kékeré, ó gbé lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà kan ní ìlú Àjàṣẹ́ kó lè rí ilé-ìwé lọ. Ègùn ni kápẹ́ńtà náà, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n kọ mọ́ ọmọ náà lára níwèé: Fẹlísì Hunsu. Ó kúrò níbẹ̀, ó padà wálé, ó di Àkànjí padà, ọ̀rọ̀ parí. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún nígbà tí ọkọ̀ gbá a lójú títì, mi ò sì rí inú káàdì rẹ̀ rí. Ta ló ń wo káàdì bàbá rẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́ta ni rédíò fi kéde rẹ̀. Kí àwọn ará ilé Fẹlísì Hunsu jọ̀wọ́ wá sí ilé ìwòsàn. À ń jẹun, à ń gbọ́. Bàbá mi kò tíì wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá lọ wá pákó rà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Àgbà gbọ́wọ́ kúrò nínú àwo, wọ́n ní, "Ègùn yìí mà ṣe mí láàánú o. Ṣé kò ní ẹnì kankan ni?" Wọ́n tún fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọjọ́ kẹrin la tó mọ̀, ó sì ti kú lọ́jọ́ kẹta.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n á pa rédíò. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ rédíò, wọn ò ní jẹun. Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò tún bi wọ́n mọ́, torí ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn: "Mo gbọ́ orúkọ ọmọ mi, mo ń jẹun lọ."

Ìyá yín fẹ́ràn Bàbá Àgbà, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ nǹkan míì fún yín. Ìjà wọn méjèèjì kan náà ni, ọdọọdún ni wọ́n sì ń jà á. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, kú, ìyá yín wá, ó jókòó sórí àpótí, kò tiẹ̀ tíì mu omi.

"Bàbá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Iná wà, omi wà, yàrá kan ṣófo."

"Ta ló ń kọjá níwájú yàrá náà?"

"Òkè kẹta ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń kọjá."

"O ò rí i."

"Ẹ máa dá kú síbí lọ́jọ́ kan ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀!"

"Másẹ̀ á mọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹni tó wà lókè rẹ lọ́hùn-ún, ṣé ó mọ ohun tí ilé ń pè ọ́?"

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ìyá yín náà kò jẹ̀bi. Ilé yẹn dákẹ́. Bàbá Àgbà ti dẹ́kun ẹmu dídá, orúnkún wọn ti kọ ọ̀pẹ gígun. Wọ́n máa ń se iṣu ju ti ẹnì kan lọ, kí wọ́n lè rí ìdí tí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè mí. Bí mo bá dé, wọ́n á ní, "Iṣu yìí ló ń pè ọ́, kì í ṣe èmi."

Awakọ̀ kan tó dúró ra ẹmu lọ́wọ́ aládùúgbò wọn lójú ọ̀nà ló dá ọ̀rọ̀ rédíò sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé rédíò kan wà tí èèyàn lè fi gbọ́ ohun tí àwọn panápaná, àwọn tí à ń pè ní pọ́mpíyé níbí, ń bá ara wọn sọ nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì. Bàbá Àgbà kò sùn dáadáa. Ìdájí ni wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Àjàní, rédíò ti wa yìí, orúkọ ìwé ló ń kà fún wa. Àwọn tó gbé èèyàn nílẹ̀ ló rí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo fẹ́ gbọ́: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aṣọ tó wọ̀, ilà tó kọ. Lọ bá mi yan èyí tó dáa."

Mo lọ sí Àjàṣẹ́, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, tó sì ń tà á. Ó gbé mẹ́ta kalẹ̀ níwájú mi: kékeré kan tó ṣeé mú lọ́wọ́, alábọ́ọ́dé kan tí kò lẹ́wà, àti ńlá dúdú kan tí iná ń tàn wìnnìwìnnì lára rẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí ni àwọn pọ́mpíyé tiyín ń lò?"

Mo ní, "Ọkọ̀ pupa."

Ó wò mí. "Rédíò ni mo ń wí."

Mo ní mi ò mọ̀. Ó wá fi sùúrù là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ti àtijọ́ dà bí ẹni tó ń pariwo láàárín oko, ẹni tó bá ní etí á gbọ́ ọ. Ti ìsinsìnyí, èyí tí wọ́n ń pè ní nimẹríìkì, ó máa ń gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, ẹ̀rọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ nìkan ló lè tò ó padà, bí wọ́n sì ṣe ń rẹ́ ẹ ju irú kan lọ. Èyí tó wá le jù, wọ́n lè tì í pa.

"Tí wọ́n bá ti tì í, kò sí ẹ̀rọ tí mo lè tà fún ọ tó máa gbọ́ ọ, kó tóbi tó ilé yìí. Má tíì ra nǹkan kan. Lọ bá wọn. Béèrè bóyá ti àtijọ́ ni àbí nimẹríìkì, irú wo, ṣé wọ́n tì í. Kó o sì béèrè bóyá òfin gbà á kéèyàn máa gbọ́ wọn."

Mo ní, "Ó dáa, ọ̀gá."

Mo lọ. Ẹ jẹ́rìí mi pé mo lọ. Mo dé iwájú ilé iṣẹ́ panápaná tó wà lójú títì, mo dúró sí òdìkejì. Mo rí bàtà aláwọ wọn. Mo rí ẹnu ọ̀nà. Mo ro bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe dún lẹ́nu mi: ẹ dákun, mo fẹ́ máa yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Mo rí ara mi lẹ́yìn irin ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo tiẹ̀ rí aṣọ tí mo wọ̀. Mo ra ọsàn, mo mu ún. Mo ra òmíràn. Ìyá ọlọ́sàn ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ń dúró de ẹnì kan ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi gan-an ni mo ń dúró dè. Mi ò dé.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ olórédíò, mo ní wọ́n ní nimẹríìkì ni.

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ọ̀gá wọn."

"Ṣé wọ́n tì í?"

"Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu."

Mo na ìka sí ńlá dúdú yẹn. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé iná ara rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó fi bébà dì í, ó ní, "Mi ò ní gbà á padà o."

A so irin tó fi ń gba ohùn mọ́ orí ọparun gígùn kan, torí Másẹ̀ wà nínú àfonífojì. A tan ẹ̀rọ. Iná tàn. Ó ṣe "ṣàà". Bàbá Àgbà sún àga mọ́ ọn, wọ́n tẹ́tí bí wọ́n ṣe máa ń tẹ́tí sí kòkòrò nínú igi ọ̀pẹ. Ó tún ṣe "ṣàà".

"Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ni ǹ bá ti sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo ní, "Faransé ni wọ́n ń sọ, Bàbá. Wọ́n ní ọ̀nà tutù, kò sí jàǹbá kankan."

Ọjọ́ kejì, ọ̀nà tutù. Ọjọ́ kẹta, ọ̀nà tutù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ jókòó ti "ṣàà" yẹn, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. Mo ní ọ̀gá wọn ń bá dẹ́rẹ́bà jà torí táyà. Mo ní ewúrẹ́ kan wọ ọ́fíìsì wọn, ó jẹ ìwé. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bu iṣu fún mi. Òjò kan lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, à ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dìde, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìwọ àti àwọn panápaná rẹ."

Àdùkẹ́ tó ń ta gààrì, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí ti Bàbá Àgbà, wọ ọkọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà. Ọkọ̀ náà dojú dé ní ọ̀nà Oko-Akárẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún Bàbá Àgbà pé ọ̀nà tutù. Ọjọ́ kejì, mo tún sọ ọ́. Àwọn ará ilé Àdùkẹ́ rò pé ó sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Rédíò ti kéde orúkọ ìwé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi Bàbá Àgbà, ó sì jẹ́ ìgbà tí Bàbá Àgbà ń jẹun, wọ́n ti pa tiwọn. Ní ọjọ́ kẹta ni awakọ̀ kan tó dá a mọ̀ mú ìròyìn wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Èmi àti Bàbá Àgbà lọ wò ó. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ẹni tó ń wọlé ni mo ń wò lójú. Mo ní bóyá ẹni tèmi ni."

Bàbá Àgbà yíjú sí mi. Wọn kò pariwo. "Ọ̀nà tutù, àbí?"

A padà délé. Wọ́n wọlé, wọ́n wọ dàńṣíkí tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi òkú, wọ́n gbé rédíò náà sínú àpò, wọ́n ní kí n wá ọ̀kadà. Mo ní níbo là ń lọ? Wọ́n ní, "Ibi tó o mu ọsàn." Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn títí dòní.

Lójú ọ̀nà, mo kígbe sí etí wọn pé kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ̀. Kò sí ọ̀nà kan láyé tó ń tutù lójoojúmọ́." Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ? Wọ́n ní, "Ò ń wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, o ò ní wá mọ́. Èmi ni mo fi ìyà tó jẹ Àdùkẹ́ ra àlejò."

Wọ́n wọlé tọ àwọn panápaná lọ tààrà, bí ẹni ń wọ oko ara rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn wọn, mo fi wọ́n bojú. Wọ́n gbé rédíò kalẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín ni mo ra èyí láti máa gbọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ló ṣe é?"

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn jẹ́ ará Kétu, òun ló gbọ́ èdè wa. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ gígùn ní Faransé. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, wọ́n ti ti rédíò wa. Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè rà. Ọ̀gá sì ní òfin kò gbà á kéèyàn máa yọ́ gbọ́ wa."

Bàbá Àgbà ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pè mí nígbà náà."

"Ká pè yín kẹ́ ẹ wá ṣe kí ni, Bàbá?"

"Bẹ́ ẹ bá gbé èèyàn nílẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń wo káàdì rẹ̀."

"Ka orúkọ kan fún mi. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ gbé láti apá ọ̀dọ̀ wa."

Ó rántí ọ̀kan, ó kà á. Bàbá Àgbà kò ronú rárá. "Bísí ni, ọmọ ìyá elépo ní Kpulu, ilé tó wà lẹ́yìn kànga." Ó ka èkejì. Wọ́n sọ ilé, wọ́n sọ oríkì, wọ́n sọ ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ jà. Ní ìkẹta, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti fa àga fún wọn. Ó ní kí ọmọbìnrin náà gba nọ́ńbà wọn. Bí a ṣe ń jáde, wọ́n sọ fún mi láìwẹ̀yìn pé, "Ṣé o rí i? Wọn kì í jẹ èèyàn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so fóònù kékeré mọ́ ọrùn bí ońdè. Ọmọbìnrin ará Kétu á pè, á ka orúkọ, Bàbá Àgbà á sọ ilé, èmi á gun ọ̀kadà lọ sọ fún àwọn ará ilé náà. Tí ẹnì kankan kò bá tíì dé, Bàbá Àgbà fúnra wọn á lọ jókòó ti ẹni náà. Wọn ò ní ìwé kankan ní tiwọn, ẹ sì rí wàhálà tí mẹ́rì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, fún wa nígbà tí wọ́n ń béèrè orúkọ ìwé òkú. Mo ti bi wọ́n lọ́jọ́ kan: "Bẹ́ ẹ bá ṣubú lójú ọ̀nà, Bàbá, ta ló máa mọ̀ yín?" Wọ́n ní, "Gbogbo ẹni tí mo ti bi léèrè."

Kì í ṣe ojú ọ̀nà ni wọ́n ti lọ. Orí àga wọn ni, lọ́sàn-án gangan. Èmi wà lóko. Àdùkẹ́ ló fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ rìn wá kí wọn, òun ló kọ́kọ́ mọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ò tíì jinná.

Ibí yìí ni mo parí ìwé yìí sí lánàá. Òwúrọ̀ òní, fóònù wọn dún lórí fèrèsé, ọmọbìnrin ará Kétu ni.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o."

Mo ní, "Bàbá ti lọ. Ọmọ-ọmọ wọn ni."

Ó ní, "Háà. Ẹ kú àdánù." Mo gbọ́ pé ó fẹ́ pa fóònù. Mo ní kó ka orúkọ náà.

"Antuwani Dosu. Ọ̀nà Oko-Akárẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń mí, kò sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ronú, mo tún ronú. Gbogbo rẹ̀ ti bá Bàbá Àgbà wọlẹ̀. Ó ní kò burú, àwọn á ní kí rédíò kéde rẹ̀. Mo ní kó ṣì dúró ná.

Mo jáde. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́ fún yín. Mo ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá gba owó orí. Ta ni ìwé ń pè ní Antuwani Dosu? Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín: "Àjàní, ṣé ìwọ lo jọba Kòmísánà?" Mo ní èmi ni. Ilé kan, ilé méjì, títí mo fi kọjá kànga. Obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ìbòòji. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo dúpẹ́, mo ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ. Dúró ná."

Mo yíjú padà. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gé nǹkan kan.

"Ọmọ mi lo ìwé ọmọ àbúrò ọkọ mi fi wọ ilé-ìwé. Ó ti pẹ́." Ó dìde. "Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é?"

"Ó ń mí, Màmá. Ó wà nílé ìwòsàn, kò dá ẹnì kankan lóhùn."

Ó rọra fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́.

"Báwo ló ṣe máa dáhùn? Ìdòwú ló ń jẹ́. Tẹ̀ wọ́n láago. Sọ fún wọn kí wọ́n pè é ní Ìdòwú."

Mo tẹ̀ wọ́n láago.